Ọ̀nà Tí Abẹ́rẹ́ Lábọ̀dé Là

Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹun tán, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń jẹun, ẹ máa jẹ ẹ́ lọ, ìtàn yìí kò ní há yín lọ́fun. Ọ̀rọ̀ Lábọ̀dé ni mo fẹ́ sọ, mo sì bẹ̀ yín, ẹ má sọ fún un pé mo dárúkọ rẹ̀ láìfi oyè ṣíwájú. Nígbà tó wà lórí àlééfà ní Ìdó-Igbá, ẹni tó bá pè é ní Lábọ̀dé lásán, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni yóò fi ru òkúta. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Mísítà Lábọ̀dé, Akọ̀wé Àgbà Ojú Ọ̀nà, Alábòójútó Igbó àti Odò, Ojú Ìjọba, Etí Ìjọba. Imú Ìjọba nìkan ni kò fi kún un, bóyá nítorí pé ìlú tí wọ́n ti ń ṣe irú ni wọ́n gbé e wá.

Ìdó-Igbá kò ju ogójì ilé lọ, láàrin Òsí àti Ìlọ́fà. Igi igbá ló sọ ọ́ lórúkọ, irú ni wọ́n sì fi mọ̀ ọ́n dé Ìdòfin. Ọdún kẹta lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn lùkúlùkú ni Lábọ̀dé dé síbẹ̀. Ìjọba fẹ́ ọ̀nà tí ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ yóò lè gbà láti Ìdó-Igbá dé Ìlọ́fà. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tí àwọn baba ìlú ń tọ̀ wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó lọ tààrà sí àríwá, kò sì sí ohun tí wọ́n ní kí akọ̀wé yìí ṣe ju kó fẹ̀ ẹ́ lójú. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná, ta ní máa gba oyè mẹ́rin tán tí yóò tún máa fẹ ọ̀nà àgbẹ̀ lójú?

Àpótí kan ló da orí ọkùnrin náà rú. Kó tó di ẹni ńlá, ọdún mẹ́sàn-án ló fi ka àpò ẹ̀pà ní ìdíkọ̀ ojú irin kan. Níbẹ̀ ni òyìnbó olùkọ́ kan tó ń padà sílé rẹ̀ ti fi àpótí náà sílẹ̀ fún un. Ìwé kan wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì nípa mànàmáná, òòfà àti ìdí tí nǹkan fi ń jábọ́. Ẹ̀rọ kékeré kan wà níbẹ̀ tó ní ọwọ́ yíyí, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ atọ́nà nínú agolo onídígí, àti òòfà ńlá kan tí wọ́n tẹ̀ bíi pátákò ẹṣin, tí wọ́n kùn ní ọ̀dà pupa. Lábọ̀dé wo òòfà náà, ó rí i pé ó lẹ́wà ju kí ó máa sùn nínú àpótí lọ. Ó fi ẹ̀wọ̀n so ó kọ́ ọrùn, ó dúró sí i láyà gẹ́lẹ́, ó sì sọ fún gbogbo ayé pé àmì ẹ̀yẹ Ọba ni. Ní ti ìwé náà, ikán ti jẹ ojú ìwé kẹta títí dé ìkẹfà. Ẹ fi ojú ìwé kẹta yẹn sọ́kàn o. Lábọ̀dé kò fi sọ́kàn ní tirẹ̀.

Ó ní mẹ́sẹ́ńjà kan tí ń jẹ́ Abdulkadir, ọmọ Ìlọrin, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí Lábọ̀dé bá sín, Abdulkadir á ní ìlú rí ìbùkún gbà. Bó bá kọsẹ̀, á ní òkúta náà ló kú oríire. Mo mọ̀ pé ẹ ti rí irú wọn rí, ẹ má tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Obìnrin kan wá wà ní ìlú náà tí ń jẹ́ Àbẹ̀bí. Lùkúlùkú ló pa ọkọ rẹ̀, ó sì fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀ fún un. Igi igbá méje tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ní ìwọ̀ oòrùn ìlú ni Àbẹ̀bí gbójú lé. Ó ń ká èso wọn, ó ń se é, ó ń gún un, ó ń bò ó títí yóò fi di irú, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń rù ú lọ sí Ìsọ́lọ̀ Òpin àti Òsí. Oúnjẹ, aṣọ, egbòogi, láti ara igi méje yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Bí igi náà bá lọ, kò ní ibòmíràn tó máa gbé orí lé.

Lọ́jọ́ Ajé kan, agogo ìlú lù. Wọ́n ní kí ilé kọ̀ọ̀kan rán ẹnì kan wá sí ilé ẹjọ́, nítorí pé Akọ̀wé Àgbà fẹ́ ṣí ẹ̀kọ́ yunifásítì. Kò sí ẹni tó mọ ohun tí yunifásítì ń jẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí òkúta rírù ń jẹ́, nítorí náà gbogbo wọn ló lọ. Ojú fèrèsé ni Àbẹ̀bí dúró sí, nítorí wọ́n ní àyè obìnrin kò sí nínú ilé.

Lábọ̀dé wọlé. Ó wọ kóòtù dúdú nínú ooru ọ̀sán gangan, òòfà pupa ń mì lórí àyà rẹ̀. Abdulkadir kéde pé nígbàkígbà tí ọ̀gá bá ti dárúkọ agbára, kí gbogbo ènìyàn dìde, kí wọ́n pàtẹ́wọ́ mẹ́ta, kí wọ́n tún jókòó.

"Ẹ̀yin ará àtijọ́!" ni Lábọ̀dé bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀yin tí òkùnkùn ti pọ̀n sẹ́yìn láti ẹgbẹ̀rún ọdún! Lónìí, nínú ìrẹ̀lẹ̀ mi tí kò láfiwé, èmi ṣí ilẹ̀kùn ìmọ̀ gíga fún yín. Agbára mẹ́ta ló gbé ayé ró."

Wọ́n dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n jókòó.

"Agbára ìkínní, mànàmáná!" Wọ́n dìde. "Agbára ìkejì, òòfà!" Wọ́n dìde. "Agbára ìkẹta, èyí tí ilẹ̀ fi ń fa ohun gbogbo mọ́ra!" Wọ́n tún dìde. "Nígbà tí ẹ bá kọ́ agbára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán, ẹ ó mọ ìdí tí àrá fi ń sán, ìdí tí irin fi ń fẹ́ràn irin, àti ìdí tí èmi fi ga jù yín lọ."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ fi máa parí, wọ́n ti dìde nígbà mẹ́tàdínlógún. Bàbá arúgbó kan tí orúnkún rẹ̀ ti ń ké láti àárọ̀ ní kí wọ́n dákun, kí wọ́n bá òun bẹ̀ ẹ́ kí ó máa pe agbára ní okun.

Ẹ̀kọ́ mànàmáná ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lábọ̀dé ní kí Abdulkadir di irin méjì tó jáde lára ẹ̀rọ náà mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí yí ọwọ́ ẹ̀rọ. Abdulkadir fò sókè, fìlà rẹ̀ gba ọ̀tọ̀, òun náà gba ọ̀tọ̀, ó balẹ̀ sí àárín àwọn àgbà. Ìyẹn nìkan kọ́. Ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kò lè jáde.

"Báwo ló ti rí lára rẹ, Abdulkadir?" ni ọ̀gá bi í.

"Ọlọ́lá, ó... ó dùn," ni Abdulkadir wí nígbà tí eyín rẹ̀ padà sípò. "Ó dùn bí afárá oyin tí àwọn tó ni ín ṣì wà nínú rẹ̀."

Ilé pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá kọjá sí òòfà. Ó fi èyí tó wà ní ọrùn rẹ̀ gbé ìṣó, ó fi gbé kọ́kọ́rọ́, ó fi gbé ọ̀bẹ ọ̀kan nínú àwọn àgbà, kò sì dá a padà. Lẹ́yìn náà ló mú agolo onídígí jáde, ó gbé e sí iwájú àyà.

"Ẹ wo abẹ́rẹ́ yìí! Imú rẹ̀ pupa kì í wo ibòmíràn ju àríwá, níbi tí Ìlọ́fà wà. Ọba kò lè yí i, ìjì kò lè yí i." Ó kọ ojú sí ọ̀nà odò, imú abẹ́rẹ́ kọ sí ọ̀nà odò. "Àríwá!" Ó rìn lọ sí igun kejì, ó kọ ojú sí ọjà, imú abẹ́rẹ́ kọ sí ọjà. "Àríwá!"

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ojú fèrèsé ni ohùn kan ti dáhùn.

"Bàbá, ẹ dákun," ni Àbẹ̀bí wí. "Ṣé àríwá ń rìn ni? Ẹ ní ọ̀nà odò ló wà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tún ní ọ̀nà ọjà ló wà."

Lábọ̀dé rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń ṣàánú ewúrẹ́. "Obìnrin, àríwá kò rìn. Èmi ni abẹ́rẹ́ ń bọ̀wọ̀ fún. Níbi tí ojú ọ̀gá bá kọ sí, níbẹ̀ ni àríwá ń lọ bá a."

"Kódà àríwá ti pẹ́ kó tó lọ!" ni Abdulkadir fi kún un.

Ní ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n gbé Òfin Abẹ́rẹ́ kalẹ̀. Ohunkóhun tí abẹ́rẹ́ bá bá pàdé lójú ọ̀nà tuntun, ìbáà ṣe igi, ìbáà ṣe oko, ìbáà ṣe ilé, wíwó ni, ẹni tó bá sì ní kí ọ̀nà yà yóò ru òkúta. Abdulkadir sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí pé ó yẹ kí ayé rí i bí kò ṣe ń ṣojúsàájú. Lábọ̀dé mú gègé, ó fi ìlà kan kún un: *bí ó tilẹ̀ jẹ́ ilé èmi tí mo ṣe òfin yìí gan-an.* Wọ́n hó yèè. Ó fọwọ́ sí i, wọ́n sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí òyìnbó ajẹ́lẹ̀. Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà, ẹyin abẹ́ ara rẹ̀ ló ń tẹ̀ fọ́ yẹn, kò mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fa okùn ọ̀nà. Oòrùn àárọ̀ mú, Lábọ̀dé kò sì fẹ́ kí oòrùn wo òun lójú, nítorí náà ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹni tó bá kọ ẹ̀yìn sí oòrùn àárọ̀, ìwọ̀ oòrùn ló kọjú sí. Abẹ́rẹ́ ní àríwá nìyẹn. Wọ́n fa okùn lọ gbọnrangandan títí tí ó fi kan igi igbá Àbẹ̀bí. Abdulkadir fi ẹfun fa ìlà sára méjèèje. Wọ́n ní bó bá di ọjọ́ kẹjọ, àwọn aláàáké á ti Òsí dé.

Àbẹ̀bí kúnlẹ̀ nínú koríko. "Bàbá, ẹ ṣàánú mi. Ugi yìí ni mo fi ń tọ́ àwọn ọmọ mi. Ìlọ́fà ò sí lọ́nà ibí rárá, ọ̀nà ibí kò lọ ju oko lọ."

"Ìyá," ni Lábọ̀dé wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ohùn oníwàásù, "o kò fetí sí ẹ̀kọ́. Kí ni agbára ìkẹta? Ilẹ̀ ń fa ohun gbogbo mọ́ra. Láti ọjọ́ tí àwọn igi yìí ti hù ni ilẹ̀ ti ń pè wọ́n wálé, wọ́n kàn ń ṣagídí ni. Èmi kò gé igi. Mo ń gbà wọ́n lọ́wọ́ ìyà ìdúró."

"Àánú yín ti pọ̀ jù, Ọlọ́lá," ni Abdulkadir wí, ó sì nu ojú tí kò ní omije.

Inú Àbẹ̀bí bàjẹ́, ó bàjẹ́ débi pé kò lè sunkún. Ó dúró ti igi àkọ́kọ́, ó fi ọwọ́ pa ẹfun náà, ẹfun kò kúrò. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Ògúndípẹ̀, alágbẹ̀dẹ, ló gbà lọ tààrà. Ó bá a nídìí ẹwìrì, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan abẹ́rẹ́ tí ń wo odò tó tún ń wo ọjà.

Ògúndípẹ̀ bu omi sínú igbá, ó fi ewé gbígbẹ kan lé e, ó mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ tí ó ti fi gbo òòfà, ó gbé e lé ewé. Abẹ́rẹ́ náà yí díẹ̀díẹ̀, ó dúró, ó kọjú sí ọ̀nà Ìlọ́fà. Ó wá mú òòfà tirẹ̀, òkúta dúdú kan tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó gbé e sún mọ́ igbá. Kíá ni abẹ́rẹ́ gbàgbé Ìlọ́fà, ó ń tẹ̀lé òkúta náà kiri.

"O rí i?" ni Ògúndípẹ̀ wí. "Kò sí ọ̀wọ̀ kankan níbẹ̀. Urin ọrùn rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ń gbọ́ tirẹ̀. Bó bá yí àyà sí ọ̀run, abẹ́rẹ́ á ní ọ̀run ni àríwá. Jẹ́ kó bọ́ urin yẹn, ọ̀rọ̀ á tán."

Àbẹ̀bí jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn, ó sì rò pé òótọ́ tó. Lọ́jọ́ kejì ó lọ sọ fún akọ̀wé pé kí ó jọ̀wọ́, kó bọ́ irin ọrùn rẹ̀ kí ó tó wo abẹ́rẹ́. Ẹ bá mi wo ìwà òmùgọ̀! Lábọ̀dé pariwo pé wọ́n fẹ́ bọ́ àmì ẹ̀yẹ Ọba lọ́rùn òun, Abdulkadir káwọ́ lérí, ó ní ayé ti bàjẹ́. Òkúta ọjọ́ méjì ni Àbẹ̀bí rù.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ru òkúta ní ojú. Lábẹ́ ẹrù yẹn ni Àbẹ̀bí ti ń wo Lábọ̀dé níbi tó dúró sí pẹ̀lú agolo rẹ̀. Ó rí i pé bí Abdulkadir bá ti apá ọ̀tún kígbe pé "Ọlọ́lá ti Ọlọ́lá!", àyà ọ̀gá á yí sí ọ̀tún, abẹ́rẹ́ á sì yí tẹ̀lé e. Bó bá ti apá òsì kígbe, òsì ni. Kì í kọ ẹ̀yìn sí ìyìn láéláé. Àbẹ̀bí sọ òkúta kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà. Ẹni tó bá máa mú ọ̀bọ, á ṣe bí ọ̀bọ.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí àáké dé, ó mú irú tó dára jù sínú igbá, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ilé Lábọ̀dé. Ilé náà nìkan ni wọ́n fi páànù bò ní gbogbo Ìdó-Igbá. Àwọn ará ìlú ló fi oṣù mẹ́rin bá a kọ́ ọ, ó sì kun fèrèsé rẹ̀ ní àwọ̀ aró.

"Ọlọ́lá," ni Àbẹ̀bí wí, "ẹ̀ṣẹ̀ mi pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ń dùn mí. Lọ́jọ́ tí ẹ fa okùn ọ̀nà, kò sí ẹni tó kì yín. Ọ̀nà ẹni ńlá tí wọ́n là láìsí oríkì, ṣé kò níí jọ ọ̀nà àgbẹ̀? Ẹ jẹ́ ká tún un fà. Àwa obìnrin á kì yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin."

Lábọ̀dé gbójú sókè. Ó ní òun ti ń fura pé nǹkan kan kù.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́, gbogbo obìnrin Ìdó-Igbá ti jáde. Wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn wọn ní Ìdòfin àti Ìsọ́lọ̀ Òpin, àwọn náà sì dé. Àbẹ̀bí tò wọ́n sí ọ̀nà, ẹgbẹ́ kan níbí, ẹgbẹ́ kan lọ́hùn-ún, kò sì sí ọ̀kankan tó dúró sí apá ibi tí igi igbá wà. Ohun tó ń wá kò ju ìyẹn lọ. Lábọ̀dé jáde, agbòjò lórí, agolo níwájú àyà, ojú rẹ̀ kò kúrò lára abẹ́rẹ́.

"Lábọ̀dé, erin tó ń wọ bàtà!" ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀, láti apá òkè. Àyà rẹ̀ yí sí òkè, abẹ́rẹ́ yí, àwọn tó ń fa okùn yí.

"Àríwá ti ṣí díẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́," ni ó ṣàlàyé fún wọn.

"Ọkọ òkúta, baba okùn!" ni ẹgbẹ́ kejì fi gbé e. "Ẹni tó sín tí ẹ̀ẹ̀rùn fi dé!" ni ìkẹta wí. Inú wọn dùn débi pé wọ́n gbàgbé ohun tó gbé wọn wá. Wọ́n fi oríkì mú un yí òkè ká, wọ́n fi mú un la oko ẹ̀gẹ́ kọjá, wọ́n fi mú un wọ odò, ó sì jáde ní òdìkejì pẹ̀lú bàtà tó ń yọ omi. Ẹ̀yìn wọn ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń gé igbó. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, ọ̀nà náà ti rin ìrìn máìlì mẹ́rin, ó sì ti ń padà bọ̀ wá sí ìlú láti ẹ̀yìn.

Nígbà náà ni owú jẹ Abdulkadir. Láti àárọ̀ kò rí ẹnu fi sí i, oríkì àwọn obìnrin ti bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Bó bá rí báyìí dópin, ta ni yóò rántí rẹ̀? Ó sá lọ síwájú, ó wá ibi tó ga jù, ó gun orí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, ó sì ké láti ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ pé: "Ọlọ́lá! Ọba ìmọ̀! Yunifásítì tó ń fẹsẹ̀ rìn!"

Yunifásítì tó ń fẹsẹ̀ rìn! Kò sí ẹni tó pè é bẹ́ẹ̀ rí láyé. Lábọ̀dé yí àyà sí i, abẹ́rẹ́ yí, ó sì fi ẹ̀rín músẹ́ rìn lọ tààrà títí agolo rẹ̀ fi lu ògiri gbì. Ó gbé agbòjò kúrò lójú. Ó rí fèrèsé aláwọ̀ aró. Ilé òun fúnra rẹ̀ ni.

Ènìyàn tó ní làákàyè á ní a ti ṣìnà. Lábọ̀dé ní, "Abẹ́rẹ́ kò lè purọ́. Abẹ́rẹ́ ní Ìlọ́fà nìyí. A jẹ́ pé Ìlọ́fà nìyí."

"Mo ti ń gbóòórùn Ìlọ́fà láti àná," ni Abdulkadir wí.

Wọ́n gbé pátákó kan kọ́ sí ẹnu ilé náà, ÌLỌ́FÀ TUNTUN, wọ́n sì kọ̀wé sí ajẹ́lẹ̀ pé ọ̀nà ti parí, kí ó wá gùn ún. Àwọn aláàáké ti Òsí dé, wọ́n ní kí wọ́n ṣì jókòó. Àbẹ̀bí kò tíì fọ ẹfun lára igi rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ tí kò tíì parí, a kì í yọ̀ ọ́.

Ajẹ́lẹ̀ dé lórí ẹṣin ní Ọjọ́bọ̀, ó sì gbọ́ Yorùbá díẹ̀. Wọ́n dágbére fún un ní ilé ẹjọ́, ó gbéra. Ó yí òkè ká, ó la oko ẹ̀gẹ́, ẹṣin rẹ̀ wọ odò. Lẹ́yìn wákàtí méjì ó yọ sí ẹ̀yìn ìlú kan, ó bá àwọn ènìyàn tó dágbére fún un láàárọ̀ tí wọ́n ń kí i káàbọ̀.

"Níbo nìyí?" ni ó bi wọ́n.

"Ìlọ́fà ni, Ọlọ́lá jùlọ," ni Lábọ̀dé wí, ó sì tọ́ka sí pátákó.

Òyìnbó wo pátákó, ó wo ewúrẹ́ kan tó ti rí láàárọ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ẹ̀rù ba Lábọ̀dé, ó sì tètè yí ọ̀rọ̀ padà. "Bí èyí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, okùn àkọ́kọ́ ṣì wà! Igi méje péré ló wà lójú ọ̀nà, àwọn aláàáké náà rèé. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀?"

Àwọn aláàáké ti ń dìde. Àbẹ̀bí rò pé bí òun bá sọ̀rọ̀, òkúta ni, bí òun bá sì dákẹ́, igi lọ. Ó la àárín èrò kọjá, ó dúró níwájú ẹṣin.

"Bàbá, ẹ dákun, ohun kan ṣoṣo. Ẹ ní kó bọ́ urin ọrùn rẹ̀, kó tún wo abẹ́rẹ́ náà."

"Ọlọ̀tẹ̀ ni!" ni Lábọ̀dé kígbe. Ṣùgbọ́n ajẹ́lẹ̀ ti sọ̀kalẹ̀. Ó gba agolo náà, ó gbé e sí iwájú àyà akọ̀wé, ó ní kí ó yípo. Lábọ̀dé ń yí, abẹ́rẹ́ ń bá a yí. Òyìnbó na ọwọ́, ó gbé òòfà náà gba orí rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó fún Àbẹ̀bí mú lọ sí ọ̀nà jíjìn. Abẹ́rẹ́ gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, ó yí kúrò lọ́dọ̀ akọ̀wé, ó kọjú sí ọ̀nà ẹsẹ̀ àtijọ́ tí ó lọ sí Ìlọ́fà. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rín ni wọ́n rín, bàbá olórúnkún ló sì ṣáájú.

"Ojú ìwé kẹta," ni òyìnbó wí, bí ẹni pé ó ń dá sọ̀rọ̀. "Ó wà nínú gbogbo ìwé tó ń kọ́ni nípa òòfà. Má gbé òòfà sún mọ́ abẹ́rẹ́." Ó yọ ìwé kan nínú àpò rẹ̀. Òfin Abẹ́rẹ́ ni. Ó kà á dé ìlà ìkẹyìn, ó gbójú sókè wo ilé onípáànù tí ọ̀nà fi orí sọ. "Ta ló kọ èyí?"

Lábọ̀dé wo Abdulkadir. Abdulkadir wo sánmà. "Ọwọ́ rẹ̀ ló fi kọ ọ́, mo rí i," ni ó wí. "Mo tilẹ̀ kìlọ̀ fún un."

Àwọn aláàáké kò ti Òsí wá lásán. Páànù lọ sí ọ̀tọ̀, òpó lọ sí ọ̀tọ̀, ògiri sì gbọ́ ìpè ilẹ̀ lẹ́yìn-ò-rẹyìn. Kí oòrùn tó wọ̀, ilé àti oyè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti bọ́ lọ́wọ́ Lábọ̀dé. Wọ́n fẹ ọ̀nà àgbẹ̀ lójú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ló gbà wọ́n. Àbẹ̀bí pọn omi, ó fọ ẹfun kúrò lára igi rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì wá sunkún wàyí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí Lábọ̀dé ń lọ, Àbẹ̀bí wà nídìí igi, ó ń ṣa èso igbá. Ó rí ọkùnrin kan ní oríta, òun fúnra rẹ̀ ló ru àpótí rẹ̀, láìsí mẹ́sẹ́ńjà, nítorí Abdulkadir ti ń bá akọ̀wé tuntun gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ti dá òòfà rẹ̀ padà fún un. Ó ti tún so ó kọ́ ọrùn. Ó gbé agolo sí iwájú àyà, ó kọjú síbí, ó kọjú sọ́hùn-ún, gbogbo ibi tó bá kọjú sí ni àríwá. Òsí ló ń lọ, kò sì mọ ọ̀nà ibẹ̀, ojú sì ń tì í láti béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tó ti rán ru òkúta.

Àbẹ̀bí wò ó títí. Inú ṣì ń bí i, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n òùngbẹ lè pa ènìyàn nínú igbó yẹn. Ó gbé igbá kalẹ̀, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà Òsí, ó dúró síbẹ̀, ó sì gbé ohùn sókè:

"Lábọ̀dé, erin tó ń wọ bàtà!"

Àyà ọkùnrin náà yí. Abẹ́rẹ́ yí. Ó gbé orí sókè lábẹ́ àpótí, ó rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìkí i, ó sì dé Òsí kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.